Eyín Màmá Àgbà Gun Òkè Lọ sí Òtẹ́ẹ̀lì

Kínìyẹn ni wọ́n ń pè é. Ní àárọ̀ Sátidé yìí, òun ló kọ́kọ́ jí nínú ilé.

Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kọ́ o. Ẹnu rẹ̀ ló fún un lórúkọ yẹn.

Bó bá rí ṣíbí, á ní, "Kí nìyẹn?" Bó bá tún rí ṣíbí yẹn lọ́la, á tún ní, "Kí nìyẹn?"

Ó sú gbogbo ilé. Ni wọ́n bá kúkú ń pe ọmọbìnrin náà ní Kínìyẹn.

Sátidé yìí kì í ṣe Sátidé lásán. Kínìyẹn àti Màmá Àgbà ń lọ sí erékùṣù!

"Kí nìyẹn, erékùṣù?"

"Ilẹ̀ ni," ni Màmá Àgbà wí. "Omi ló yí i ká."

"Ta ló da omi náà síbẹ̀?"

"Ìwọ ọmọ yìí! Lọ wọ bàtà rẹ jàre."

Ẹ̀gbọ́n Màmá Àgbà ló ń gbé ní erékùṣù náà, ní ìlú tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gúnlẹ̀. Fìlà ni wọ́n ń tà. Ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń pè wọ́n ní Màmá Onífìlà.

Kínìyẹn ò rí wọn rí. Ohùn wọn nìkan ló máa ń gbọ́ lórí fóònù. Ohùn náà á ní, "Ìgbà wo lo máa wá kí mi, ọ̀rẹ́ mi?"

Òní ni! Òní gan-an ni! Wọ́n á tiẹ̀ sun ibẹ̀.

Màmá Àgbà di ẹrù sínú báàgì dúdú kan. Báàgì dúdú! Ta ni ò ní báàgì dúdú láyé yìí?

Màmá Àgbà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fa aṣọ pupa kan ya. Fààà! Wọ́n so ó mọ́ ọwọ́ báàgì. Wọ́n tún fà á le dáadáa.

"Kí nìyẹn, Màmá Àgbà?"

"Àmì ni. Bí báàgì bá pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, màá dá tèmi mọ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ gbọ́n!"

Wọ́n gbọ́n lóòótọ́. Wọ́n gbọ́n gan-an ni. Ẹ ṣáà máa gbọ́.

Ọkọ̀ ojú omi náà tóbi bí ilé. Ó fọn fèrè. Fúúúúùn!

Kínìyẹn fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

Ìgbì òkun dé. Ọkọ̀ lọ sókè. Yùúù! Ọkọ̀ lọ sílẹ̀. Gbìì!

Sókè, yùúù! Sílẹ̀, gbìì!

Màmá Àgbà di àga mú. Ojú wọn ti yí padà.

"Yéè," ni wọ́n wí. "Eyín mi o!"

Ẹ dúró ná, kí n sọ ọ̀rọ̀ eyín yìí fún yín. Eyín Màmá Àgbà kì í ṣe èyí tó hù lẹ́nu wọn. Ìyẹn ti ká tán tipẹ́.

Dókítà eyín ló ṣe èyí fún wọn. Ó ṣeé yọ. Ó sì ṣeé fi padà.

"Bí mo bá lọ sín ńkọ́?" ni Màmá Àgbà wí. "Bí eyín mi bá fò sínú òkun ńkọ́? Ṣé kí ẹja máa wá fi eyín mi jẹun ni?"

Kínìyẹn ro ẹja tó ní eyín Màmá Àgbà lẹ́nu. Ó rẹ́rìn-ín títí inú fi ń run ún.

Màmá Àgbà yọ eyín. Pọ́kọ́! Wọ́n fi í sínú agolo kékeré kan. Wọ́n fi agolo sínú báàgì.

Ọkọ̀ mì. Agolo dáhùn nínú báàgì. Ṣẹ̀kẹ̀-ṣẹ̀kẹ̀! Ṣẹ̀kẹ̀-ṣẹ̀kẹ̀!

Ni òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kan bá dé. "Ẹrù kì í bá èèyàn jókòó níbí o, Màmá. Yàrá ẹrù wà nísàlẹ̀."

Ó gbé báàgì. Ó di ìsàlẹ̀.

Báàgì lọ. Agolo lọ. Eyín náà bá wọn lọ.

Fúúúúùn! Wọ́n ti dé!

Háà! Ẹ wá wo ìlú! Ilé yẹ́lò nìyí, ilé búlúù nìyẹn. Ilé kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé gbogbo ọ̀dà tó ṣẹ́ kù ni wọ́n dà sí i lára.

Àwọn ọkọ̀ kéékèèké ń mì lójú omi. Ológbò kan ti sùn lọ lórí àwọ̀n apẹja. Àwọn àlejò tó wá ṣe fàájì wọ ṣòkòtò péńpé, wọ́n ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, bí ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́la.

"Kí nìyẹn?"

"Igi àgbọn ni."

"Kí nìyẹn?"

"Ilé gogoro oníná ni. Ó ń fọ̀nà han ọkọ̀."

"Kí nìyẹn, lọ́ọ̀ọ́kán, tó ń mì lẹ́gbẹẹgbẹ́ yẹn?"

Màmá Àgbà fojú sùn ún. Fìlà ni! Fìlà ńlá, fìlà kékeré, fìlà lórí ògiri, fìlà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn!" ni Màmá Àgbà wí. Omi lé sí wọn lójú. Ó ti pẹ́ gan-an tí wọ́n ti fojú kan ara wọn gbẹ̀yìn.

"Ó yá, ẹ jẹ́ ká sáré!" ni Kínìyẹn wí.

"Báàgì ná," ni Màmá Àgbà wí. "Eyín ná!"

Àwọn alábàárù ti ń kó ẹrù jáde. Kí ẹ mọ̀ pé alábàárù èbúté yìí kì í fi iṣẹ́ ṣeré.

"Gbà!" "Mo gbà!" "Gbé e sí i!" "Ó ti lọ!"

Báàgì ń fò láti ọwọ́ dé ọwọ́. Wọ́n ń kó wọn sínú ọmọlanke. Ọmọlanke ń lọ. Kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀!

Màmá Àgbà ń wò. Kínìyẹn ń wò.

Báàgì jáde, báàgì jáde, báàgì jáde. Wọn ò rí tiwọn.

Nígbà tó yá, èbúté ṣófo. Kò sí báàgì kankan mọ́. Ológbò yẹn nìkan ló kù.

Màmá Àgbà la ẹnu láti kígbe. "Yé..."

Wọ́n rántí pé eyín ò sí níbẹ̀. Wọ́n pa ẹnu dé. Pàì! Wọ́n fi ìborùn pupa wọn bò ó.

Ẹ̀ṣọ́ èbúté rí wọn. Ó ń bọ̀. Ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, òun náà wá tẹ̀ lé e.

"Ẹ ǹlẹ́ ma. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ojú ń ti Màmá Àgbà. Wọn ò lè la ẹnu níwájú ẹni tí wọn ò mọ̀ rí. Wọ́n nawọ́ sí ẹnu wọn.

"Òùngbẹ!" ni ẹ̀ṣọ́ wí. Ó sáré lọ gbé omi wá.

Màmá Àgbà mi orí. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì ya báàgì nínú afẹ́fẹ́. Báyìí. Báyìí.

"Àga!" ni ẹ̀ṣọ́ wí. Ó sáré lọ gbé àga wá.

Màmá Àgbà mi orí gan-an. Wọ́n fi ìka ṣe bí ẹni tó ń so aṣọ mọ́ nǹkan. Wọ́n so ó. Wọ́n fà á le.

"Ọwọ́ ń dùn yín! Kí lẹ ò tètè wí?" Ó sáré lọ mú báńdéèjì wá. Ó di ọwọ́ Màmá Àgbà wélé-wélé.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni Kínìyẹn wí, "báàgì wa ló..."

"Ṣe sùúrù, ọmọ dáadáa. Ìwọ ò rí i pé àgbà ló ń sọ̀rọ̀ ni?"

Bẹ́ẹ̀, Màmá Àgbà ò sì sọ nǹkan kan!

Màmá Àgbà jókòó sórí àga. Ife omi wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Báńdéèjì wà lọ́wọ́ òsì. Ẹ̀ṣọ́ yọ̀ mọ́ wọn, ó bá tirẹ̀ lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ti parí.

Màmá Àgbà fa Kínìyẹn mọ́ra. Wọ́n sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lábẹ́ ìborùn.

"A ò lọ mọ́, ọmọ mi."

"A ò lọ síbo?"

"Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ibí la ó jókòó sí. Bí ọkọ̀ bá ń padà nírọ̀lẹ́, a ó bá a lọ sílé."

Kínìyẹn di aṣọ wọn mú. "Ẹ ò ní jẹ́ kí n rí Màmá Onífìlà?"

"Kò sí ọmọge tó lẹ́wà tó ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí a wà ní kékeré," ni Màmá Àgbà wí. "Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, gbogbo àdúgbò á dúró wò wọ́n. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé ẹnu òfìfo yìí lọ bá wọn? Ojú ń tì mí."

Wọ́n fi àáké kọ́rí. Wọn ò lọ, wọn ò lọ náà nìyẹn.

Kínìyẹn wo àwọn fìlà lọ́ọ̀ọ́kán. Wọ́n ń mì. Ó dà bíi pé wọ́n ń pè é.

Ni ọmọlanke kan bá ń kọjá lọ. Kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀! Alábàárù ń tì í, ó ń súfèé. Báàgì kún inú rẹ̀. Aṣọ yẹ́lò wà lára gbogbo wọn.

Ẹ mọ ohun tí Kínìyẹn máa sọ. Ó yá, ẹ bá mi sọ ọ́!

"Kí nìyẹn?"

Alábàárù dúró. "Èwo?"

"Aṣọ yẹ́lò tó wà lára báàgì."

"Háà, àmì iṣẹ́ wa ni," ni alábàárù wí. "Yẹ́lò ń lọ sí ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì. Búlúù ń lọ sínú àwọn ọkọ̀ kéékèèké. Pupa ń lọ sí òtẹ́ẹ̀lì orí òkè."

"Pupa ńkọ́?"

"Òtẹ́ẹ̀lì orí òkè, mo ti wí. Bí a bá ti rí pupa, a kì í bi ẹnikẹ́ni. Òkè ni!"

Kínìyẹn fò sókè. Ó fò wálẹ̀. Ó sáré lọ bá Màmá Àgbà.

"Màmá Àgbà! Màmá Àgbà! Ta ló so pupa mọ́ báàgì wa?"

"Èmi ni," ni Màmá Àgbà wí. "Kó má baà sọnù."

"Òun ló sọ ọ́ nù!"

Ó ṣàlàyé yẹ́lò. Ó ṣàlàyé búlúù. Nígbà tó dé orí pupa, Màmá Àgbà gbá orí ara wọn. Pàá!

"Mo gbé! Èmi náà ni mo fọwọ́ ara mi ran eyín mi lọ sí òtẹ́ẹ̀lì!"

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má rẹ́rìn-ín àgbà o. Ẹ jẹ́ kí èmi kọ́kọ́ rín tèmi tán ná.

Alábàárù wo òkè. Òkè náà ga. Ó wo Màmá Àgbà. Ó gbé àwọn báàgì oníyẹ́lò fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ó nu inú ọmọlanke.

"Ẹ wọlé, Màmá."

"Èmi?" ni Màmá Àgbà wí lábẹ́ ìborùn. "Ṣé ẹrù ni mí ni?"

"Ẹ wo ìborùn yín, Màmá. Pupa ni. Òkè náà ni tiyín!"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Màmá Àgbà. Wọ́n wọlé. Wọ́n jókòó sínú ọmọlanke bí olorì.

Kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀! Alábàárù ń tì. Kínìyẹn ń ti alábàárù.

Wọ́n kọjá níwájú ilé yẹ́lò. Wọ́n kọjá níwájú ilé búlúù. Obìnrin kan ń sá aṣọ lójú fèrèsé. Ó gbàgbé aṣọ lọ́wọ́, ó ń wo Màmá Àgbà.

"Ẹ káàsán o!" ni Kínìyẹn kí i. "Eyín la ń wá lọ!"

"Kínìyẹn!" ni Màmá Àgbà wí. "Dákẹ́!"

Wọ́n dé orí òkè. Òkun tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀. Alábàárù ń mí hẹ̀lẹ̀-hẹ̀lẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni kan dúró lẹ́nu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì. Ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun. Bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀ ń dán yinrin. Ó dúró ṣánṣán, kò tiẹ̀ jọ pé ó ń mí.

"Ẹ káàsán sà," ni Kínìyẹn wí. "Ẹ jọ̀ọ́, báàgì wa ló ṣèèṣì gun òkè wá. Báàgì dúdú ni. Aṣọ pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Oníbọ̀wọ́ mú wọn wọlé. Ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá kan fún wọn.

Ó tán!

Báàgì kún yàrá náà dẹ́nu. Dúdú ni gbogbo wọn. Aṣọ pupa ló wà lọ́wọ́ gbogbo wọn.

Màmá Àgbà jókòó sílẹ̀. Gbì!

"A ó máa ṣí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan," ni alábàárù wí.

"Ó tì o," ni Ọ̀gbẹ́ni Oníbọ̀wọ́ wí. "A kì í ṣí báàgì oníbáàgì níbí. Èèwọ̀ ni."

Kínìyẹn ronú. Ó fi ọwọ́ kan imú. Ó fi ọwọ́ kan etí.

Etí!

"Ṣé a lè mì wọ́n, sà?"

Ọ̀gbẹ́ni Oníbọ̀wọ́ ro ó lọ, ó ro ó bọ̀. "Kò sí òfin tó ní ká má mi báàgì."

Kínìyẹn mi báàgì kan. Gbì-gbì! Bàtà nìyẹn. Kì í ṣe òun.

Ó mi òmíràn. Gbọ̀lọ̀-gbọ̀lọ̀! Omi nìyẹn. Kì í ṣe òun.

Ó mi òmíràn. Gíríííín! Aago ìtanijí ni! Ọ̀gbẹ́ni Oníbọ̀wọ́ ta kìtì, fìlà ṣí lórí rẹ̀. Kì í ṣe òun.

Ó mi òmíràn. Wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún un mì. Kò dún rárá. Ó jọ pé ìrọ̀rí ni ẹni yẹn gbé rìnrìn àjò.

Ó mi òmíràn.

Ṣẹ̀kẹ̀-ṣẹ̀kẹ̀! Ṣẹ̀kẹ̀-ṣẹ̀kẹ̀!

"Òun nìyẹn!" ni Kínìyẹn ké.

Màmá Àgbà dìde fùú. Wọ́n na ọwọ́ sí báàgì. Ọ̀gbẹ́ni Oníbọ̀wọ́ na ìbọ̀wọ́ funfun rẹ̀ sáàárín.

"Ẹ má bínú, ma. Bó bá jẹ́ tiyín, kí ló ń dún nínú rẹ̀?"

Màmá Àgbà wo alábàárù. Wọ́n wo Ọ̀gbẹ́ni Oníbọ̀wọ́. Wọ́n wo Kínìyẹn.

Kínìyẹn mọ ìdáhùn. Ó kàn ń yún un lẹ́nu ni. Ṣùgbọ́n Màmá Àgbà ti ní kó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì di ẹnu ara rẹ̀ mú.

Màmá Àgbà mí kanlẹ̀. Wọ́n fa ìborùn pupa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n la ẹnu. Àààà!

Òfìfo ni. Gbogbo rẹ̀ mọ́ roro.

Ọ̀gbẹ́ni Oníbọ̀wọ́ ṣí báàgì. Ó ṣí agolo. Eyín ń rẹ́rìn-ín sí i láti inú agolo.

Ó wo eyín. Ó wo ẹnu Màmá Àgbà. Ó tún wo eyín.

"Ó bá a mu," ni ó wí. "Tiyín ni, ma."

Kò rẹ́rìn-ín o. Ó gbìyànjú. Ṣùgbọ́n gbogbo bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀ ló ń gbọ̀n.

Màmá Àgbà fi omi fọ eyín. Wọ́n fi í padà. Káú!

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ọmọlanke ń sọ̀ kalẹ̀ padà. Ẹnu Màmá Àgbà ni kò pẹ̀lẹ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti gbé mì láti àárọ̀ ló ń tú jáde.

"Ẹ ṣeun o, alábàárù! Ẹ rọra o! Ẹ̀ṣọ́ yẹn wá di ọwọ́ mi bí ẹni di ọmọ ìkókó! Ẹ wo òkun! Kínìyẹn, ọmọ mi, ìwọ lo gbọ́n! Ó ku díẹ̀ kí n bá ọkọ̀ padà sílé!"

Kínìyẹn ò rí àyè bèèrè nǹkan kan. Ìyẹn ò ṣẹlẹ̀ rí.

Wọ́n dé ibi tí fìlà wà. Fìlà ńlá, fìlà kékeré, fìlà lórí ògiri, fìlà lẹ́nu ọ̀nà.

Màmá Onífìlà dúró láàárín wọn. Wọ́n ga, wọ́n tín-ín-rín. Fìlà ńlá kan wà lórí wọn. Fìlà mìíràn wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n fi bo ẹnu.

"Àbúrò mi!" ni wọ́n ké lẹ́yìn fìlà.

"Ẹ̀gbọ́n mi!" ni Màmá Àgbà ké. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Gbogbo eyín hàn, funfun báláú.

Màmá Onífìlà fi ọwọ́ kan gbá àbúrò wọn mọ́ra. Ọwọ́ kejì ò kúrò lẹ́nu.

"Ọ̀rẹ́ mi orí fóònù náà rèé!" ni wọ́n wí lẹ́yìn fìlà.

Kínìyẹn kí wọn. Lẹ́yìn náà, ó nawọ́.

"Kí nìyẹn?"

"Fìlà ni, ọ̀rẹ́ mi."

"Kí ló ń ṣe lẹ́nu yín?"

"Oòrùn ló ń pa mí."

Kínìyẹn wo òkè. "Abẹ́ òrùlé la wà, Màmá."

"Kínìyẹn!" ni Màmá Àgbà wí.

Ó ti pẹ́ jù. Kínìyẹn ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ti yọjú wo abẹ́ fìlà.

"Màmá Àgbà! Eyín ò sí lẹ́nu àwọn náà!"

"Yéè! Ọmọ yìí ti pa mí!" ni Màmá Àgbà wí.

Màmá Onífìlà sọ fìlà kalẹ̀ díẹ̀. Wọ́n tún gbé e padà.

"Òótọ́ ló sọ," ni wọ́n wí. "Gbogbo rẹ̀ ti ká tán, àbúrò mi. Láti ọjọ́ tó o ti ní o ń bọ̀ ni mi ò ti rí oorun sùn. Ó ku díẹ̀ kí n ti ṣọ́ọ̀bù lónìí, kí n sá pa mọ́. Wo ẹnu tìẹ bó ṣe funfun! Ojú ń tì mí."

Màmá Àgbà ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n wo ẹ̀gbọ́n wọn. Àánú ẹ̀gbọ́n wọn ṣe wọ́n, àánú ara wọn náà ṣe wọ́n.

Ni wọ́n bá yí ẹ̀yìn padà. Wọ́n tẹ orí ba.

Pọ́kọ́!

Wọ́n ju eyín sínú agolo. Ṣẹ̀kẹ̀! Wọ́n yí padà.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni wọ́n wí, "ẹ wò ó." Wọ́n la ẹnu. Àààà!

Màmá Onífìlà wò ó. Wọ́n tẹjú mọ́ ọn. Fìlà bọ́ lọ́wọ́ wọn.

"Ìwọ náà?"

"Èmi náà!"

"O ò sì sọ fún mi lórí fóònù!"

"Ṣé ẹ̀yin sọ fún mi ni?"

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ kéré. Hí! Ó tóbi sí i. Há há! Ó wá di ńlá. Hàààà há há há!

Wọ́n di ara wọn mú. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú wọn. Alábàárù jókòó sínú ọmọlanke rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn àlejò dúró lójú ọ̀nà láti wò wọ́n.

Kínìyẹn wo ẹ̀rín náà. Kò bi ẹnikẹ́ni pé kí nìyẹn. Ó bọ́ sáàárín wọn, ó ń rín tirẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ọkọ̀ fọn fèrè, ó padà lọ. Màmá Àgbà àti ẹ̀gbọ́n wọn jókòó lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, èjìká kan èjìká. Ìtàn ò tán lẹ́nu wọn.

Kínìyẹn dé fìlà kan tó bò ó dé imú. Ó táràrà lọ mú agolo wá.

"Màmá Àgbà, eyín yín rèé."

"Gbé e sílẹ̀ níbẹ̀ jàre," ni Màmá Àgbà wí. "Ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń bá rẹ́rìn-ín."